Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kì Í Pè

“Ta ni?” Baálẹ̀ Onírin béèrè.

“Èmi ni. Ta ló tún ní ìdí tó dí ẹnu ọ̀nà pa báyìí nínú agbo ilé yìí?”

“Pe orúkọ.”

“Fọyèkẹ́ Ọlọ́nà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, eyín mẹ́rìnlá, orúnkún kan péré tó ń ṣiṣẹ́.”

Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Fọyèkẹ́ náà rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń jó. Ó ti ọ̀pá ahọ́n bọ ẹnu, ó ha ahọ́n rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú bí ẹni ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò àsáró, ó sì fi ọ̀pá náà há Baálẹ̀ Onírin lẹ́nu. Àpótí irin tí wọ́n kàn mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà ni Baálẹ̀ Onírin. Ojú kan ló ní, ẹnu rẹ̀ ò sì ju ihò kọ́kọ́rọ́ lọ. Ó gbé ọ̀pá náà mì. Ó dún kẹ́ẹ́.

“Oṣù mẹ́rìnlá ni mo ti ń bọ́ ọ,” Fọyèkẹ́ sọ fún un, “o ò sì tíì kí mi kú iṣẹ́ rí. Ọmọ burúkú.”

“Pe orúkọ ẹni kejì,” Baálẹ̀ Onírin fèsì.

Ọjọ́ Ahọ́n ni. Ní gbogbo ọjọ́ karùn-ún, kí oòrùn tó gun orí òrùlé, gbogbo agbo ilé nílùú Ìrówò gbọ́dọ̀ tò síwájú òpó wọn kí wọ́n ha ahọ́n fún ìjọba. Ilé tí kò bá ha á, ẹ̀gbà tí ìjọba fi sí wọn lọ́wọ́ á dúdú. Ẹni tí ẹ̀gbà rẹ̀ bá sì ti dúdú, ọjà ò ní ṣílẹ̀kùn fún un, ẹ̀rọ omi ò ní pọnmi fún un. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n yàn fún iṣẹ́ náà nínú agbo ilé kọ̀ọ̀kan, Alábòójútó, ohùn ẹni yẹn nìkan sì ni àpótí ń gbọ́. Bí Alábòójútó bá ti pe orúkọ, orúkọ yẹn ló ni ahọ́n tó bá tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ torí àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ tó ń fi ahọ́n aládùúgbò ṣe tiwọn nígbà tí àrùn Aró ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú.

Ohun tí ìjọba ò rò ni pé ìyàwó ilé ni Ilé Ọlọ́nà máa yàn.

Ó ti di ọdún méjìléláàádọ́ta tí wọ́n ti fọ ẹsẹ̀ Fọyèkẹ́ wọ agbo ilé yìí. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ kó tó dé, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n, ìyàwó tó bá sì ní ẹ̀kọ́ kì í pe ọkọ lórúkọ. Méjì péré ló ṣẹ́ kù láyé nínú wọn. Èkíní ni Ìdílẹ̀kẹ̀, àbíkẹ́yìn ìyá ọkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà, orúkọ tí ìyàwó tuntun sì fún un nìyẹn nítorí ìlẹ̀kẹ̀ tó máa ń ró ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ ní ìdí rẹ̀. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta báyìí. Ìlẹ̀kẹ̀ ti já, ìdí ti gbẹ, ẹnu nìkan ni kò darúgbó. Èkejì ni Ọkọ Kékeré, ọmọ ẹ̀gbọ́n Ìdílẹ̀kẹ̀. Ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án ni lọ́jọ́ tí ìyàwó wọlé, ó sì di ọkọ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú kó tó pé oṣù mẹ́ta. Ìyàwó tuntun tí kò tíì bímọ rí ló fi ọwọ́ rọ ọ́ ní ògì, òun ló fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́ títí ó fi rìn, síbẹ̀ kò pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Fọyèkẹ́ ti wá ọgbọ́n dá sí i. Bí ọjọ́ orí ni àpótí ṣe to orúkọ, bí ọjọ́ orí náà sì ni ará ilé ṣe máa ń tò, oníkálukú lórí ìlà funfun tirẹ̀, bí wọ́n ti ń tò láti ayé baba ńlá wọn. Tó bá ti kan àwọn ọkọ méjèèjì, “Ẹni tó kàn” ni Fọyèkẹ́ máa ń wí. Àpótí á wo ìwé rẹ̀, á sì mú orúkọ tó kàn.

“Màmá, ẹ dákun, ẹ máa pè wọ́n lórúkọ o,” Nọ́ọ̀sì Ewátómi, tó ń mójú tó àdúgbò wọn, ti kìlọ̀ fún un. “‘Ẹni tó kàn’ yẹn, torí ìgbà tí ohùn bá há la ṣe fi síbẹ̀.”

“Ọmọ mi, ohùn mi há.”

“Ohùn yín tí mò ń gbọ́ láti ojúde?”

“Tó bá ti kan orúkọ ọkọ, há ló ń há.”

Láàárọ̀ yìí, Ìdílẹ̀kẹ̀ ò sí lórí ìlà. Wọ́n ń gbọ́ omi tó ń dà ní balùwẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ orin tó ń kọ. Ọkọ Kékeré wo oòrùn. Iṣẹ́ pátákó oòrùn ló ń ṣe, méjì tó bàjẹ́ sì ń dúró dè é lórí òrùlé. Ó fi ìlà tirẹ̀ sílẹ̀, ó sún síwájú, ó dúró lórí ìlà funfun Ìdílẹ̀kẹ̀.

Fọyèkẹ́ ò fura. Ìtàn ló ń sọ lọ́wọ́, bí òun ṣe jókòó lórí àga oníke lánàá tí àga náà fi kérora tó sì là sí méjì. “Mo ní àga, ṣé o ti kú ni? Ó ní ìwọ lo pa mí!” Omijé ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹni tó kàn!” ó wí fún àpótí, ó ha ahọ́n Ọkọ Kékeré, ó ti ọ̀pá bọ àpótí lẹ́nu. Kẹ́ẹ́.

Ìdílẹ̀kẹ̀ jáde pẹ̀lú tówẹ̀lì láyà. Kò síbi tó tún ṣófo ju ìlà Ọkọ Kékeré lọ. Ibẹ̀ ló dúró sí.

“Ìyàwó, mò ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ látinú omi. Bí ẹran tí wọ́n ń pa.”

“Ẹ ya ẹnu, ọkọ mi. Ẹ rọra o, kí òórùn rẹ̀ má pa ẹ̀rọ ìjọba.”

“Ọbẹ̀ tí o sè lánàá ló ń rùn níbẹ̀.”

“Ẹni tó kàn!” Kẹ́ẹ́.

Lẹ́yìn náà ló wá ń fi ohùn gbọnrangandan pe àwọn tí ó lè pè. “Bísóyè Ọlọ́nà!” Ìyàwó Ọkọ Kékeré nìyẹn. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta tẹ̀ lé e, àyẹ̀wò sì parí.

Lọ́sàn-án, ẹyẹ onírin tó ń gbé èsì àyẹ̀wò fò kọjá lórí ilé. Ojú Baálẹ̀ Onírin pọ́n.

“Ìbídùnní Ọlọ́nà,” ó wí, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn. “Aró wà lára rẹ̀. Kí ó dúró lójú kan. Ọkọ̀ ń bọ̀.”

Ìdílẹ̀kẹ̀ ń já ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá Ìbídùnní mìíràn wà níbẹ̀.

“Èmi? Àpótí yìí ti mutí.” Ó dìde, ó lọ sídìí abọ́ iyọ̀ tí wọ́n fi ń dán ẹnu wò lówùúrọ̀, ó fọn ún sórí ahọ́n, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀. “Iyọ̀ rèé! Mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu! Ẹni tí Aró mú, ṣé ó ń mọ iyọ̀ ni?”

“Kí ó dúró lójú kan,” Baálẹ̀ Onírin tún wí.

Ọkọ̀ dé láti Òkè, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí Aró mú sí. Ó funfun, kò ní awakọ̀. Nọ́ọ̀sì Ewátómi bá wọn sọ̀rọ̀ látojú àpótí. Ó ní títí di ọ̀sán ọ̀la, yàrá ìdúró ni Ìdílẹ̀kẹ̀ máa dá wà. Tí agogo méjìlá bá ti lù ní ọ̀la, wọ́n á mú un wọ gbọ̀ngàn pẹ̀lú àwọn yòókù. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó wà ní gbọ̀ngàn. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé nínú ẹni mẹ́wàá tó bá gòkè, mẹ́fà ló ń sọ̀, àti pé ẹni tí kò ní Aró tó bá wọ gbọ̀ngàn yẹn, á ní in kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìdílẹ̀kẹ̀ wé gèlè kó tó wọkọ̀. “Ìyàwó,” ó wí, “parí ẹ̀fọ́ mi. Má sì bu omi kún un bí ìṣe rẹ.”

Fọyèkẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n kí á má purọ́: nígbà tó jókòó jẹun lọ́jọ́ náà, ilé dákẹ́ rọ́rọ́, kò sẹ́ni tó sọ pé ọbẹ̀ rẹ̀ ṣàn. Ó bu òkèlè, ó tún bu òmíràn, ó jẹun yó. Àádọ́ta ọdún ló ti ń gbàdúrà pé kí ẹnu yẹn gba ibòmíràn lọ. Ó ya á lẹ́nu pé ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ojú sì tì í.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Baálẹ̀ Onírin ka ìmọ̀ràn. “Ẹ má jùmọ̀ jẹun nínú àwo kan. Ẹ má tutọ́ sílẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ kí àgbà láti òkèèrè. Kí oníkálukú fi iyọ̀ sórí ahọ́n. Ẹni tí iyọ̀ ò bá jọ iyọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kí ó sọ.”

Wọ́n fọn iyọ̀. Bísóyè ní òun mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ ní àwọn mọ̀ ọ́n. “Mo mọ̀ ọ́n,” ni Ọkọ Kékeré náà wí, ó sì ti yí padà kí ọ̀rọ̀ náà tó kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Fọyèkẹ́ po ògì. Ó bu ṣúgà sí ti Ọkọ Kékeré, síbí ńlá méjì, bó ṣe ń ṣe láti ìgbà tí ọmọ náà ti ní eyín. Ó bu síbí kan sí tirẹ̀. Ó gbé ife sẹ́nu, ó sì tu ú jáde pùú, dé ara ògiri.

Inú abọ́ iyọ̀ ló ti bu ú!

“Ẹ wo ojú mi o!” Ó fi ọwọ́ gbá itan, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì í. “Arúgbó ti sọ ògì di ọbẹ̀! Ọkọ mi, ẹ dúró, ẹ má mu ún, iyọ̀ ni mo...”

Ọkọ Kékeré ti mu ún tán. Ó ń fi ìka nu ìsàlẹ̀ ife, ó sì ń lá ìka náà.

“Ó dùn, màmá,” ó wí. Ó gbé ife kalẹ̀, ó mú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ sẹ́yìn ilé.

Ẹ̀rín kú mọ́ Fọyèkẹ́ lẹ́nu. Ó wo ife náà. Ó wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìlà funfun wà lórí sìmẹ́ńtì. Ó rí i bí ẹni tó ń wo àwòrán: Ìdílẹ̀kẹ̀ nínú omi, Ọkọ Kékeré lórí ìlà Ìdílẹ̀kẹ̀, òun alára tí ń fi àga oníke ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó kàn. Ìdílẹ̀kẹ̀ ló kàn nínú ìwé. Ahọ́n ọmọ yìí ló tì bọ̀ ọ́. Ẹni tó kàn. Ọmọ yìí ló kàn nínú ìwé. Ahọ́n Ìdílẹ̀kẹ̀ ló tì bọ̀ ọ́.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò ráyè wá àga tó máa fọ́.

Nígbà tó dé ẹ̀yìn ilé, Ọkọ Kékeré wà lórí àkàsọ̀, ó ń nu pátákó oòrùn. Ó ń mí bí ẹni tó sáré.

“Ọkọ mi, ẹ sọ̀ kalẹ̀.”

“Ṣé kò sí nǹkan, màmá?”

“Ìgbà wo ni iyọ̀ ti sá lẹ́nu yín?”

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, kò sún mọ́ ọn. Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri lódì kejì.

“Ọjọ́ mẹ́ta.”

“Ẹ sì dákẹ́.”

“Mo mọ̀ pé àyẹ̀wò máa mú mi. Mo ti di ẹrù mi lánàá, màmá, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó wá pe orúkọ àǹtí, mo ní bóyá ọ̀fìnkìn lásán ni tèmi. Mo ní Ọlọ́run ti fò mí dá.”

“Kì í ṣe Ọlọ́run. Èmi ni.” Fọyèkẹ́ ṣàlàyé fún un, láti orí ìlà dé orí ìlà. Ó gbọ́ ọ dópin. Ó fi ọwọ́ ra ojú.

“Ta ló tún mọ̀?”

“Èmi àti ẹ̀yin.”

“Ó dáa.” Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Màmá, ẹ gbọ́ mi. Ẹ mọ àyà mi. Èéfín bátìrì ti jẹ ẹ́ láti ọdún tí ilé iṣẹ́ wa jó. Ẹni tó ní àyà tó le gan-an, mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Èmi ńkọ́? Tí mo bá gun òkè yẹn, mi ò ní sọ̀.”

“Bísóyè àti àwọn ọmọ ń sùn nínú yàrá kan náà pẹ̀lú yín.”

“Mo máa sùn sínú ṣọ́ọ̀bù. Mo máa lo ìbomú. Ogún ọjọ́ péré ni, tó bá máa lọ á lọ.”

“Ahọ́n ńkọ́, lọ́jọ́ karùn-ún tó ń bọ̀?”

Ó wo ilẹ̀, ó sì wo Fọyèkẹ́ lójú. Ojú tí Fọyèkẹ́ ti ń wò látìgbà tí ojú náà ò tíì ju ìyeyè lọ.

“Ẹ̀yin lẹ di ọ̀pá mú,” ó wí.

Fọyèkẹ́ gbọ́ ọ yé. Ẹni tó ṣe é lẹ́ẹ̀kan láìmọ̀, ó lè mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

“Àǹtí ti pé ọgọ́ta, màmá. Wọn ò bímọ, wọn ò...”

“Pa ẹnu ẹ dé!” Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyí láyé rẹ̀ tó bá ọkọ sọ̀rọ̀ láìfi ọ̀wọ̀ sí i. Ó ti na ọwọ́ láti gbá a létí, ẹ̀gbà ọwọ́ àwọn méjèèjì, tí wọn kì í jọ sùn ní yàrá kan, sì figbe ta pé wọ́n ti sún mọ́ra jù. Ó dá ọwọ́ náà dúró lófuurufú. “Ẹ dárí jì mí, ọkọ mi.”

“Ẹ̀yin lẹ rọ mí ní ògì,” Ọkọ Kékeré wí. Omijé ń bọ̀. “Ẹ ò jẹ́ kí n kú nígbà yẹn. Kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ́ kí n kú báyìí?”

Agogo mẹ́wàá kọjá. Bísóyè kígbe láti iwájú pé Òkè ń pè.

Ojú Baálẹ̀ Onírin ti di fèrèsé kékeré. Ìdílẹ̀kẹ̀ wà nínú rẹ̀, aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń wọ̀ fún aláìsàn lọ́rùn, gèlè rẹ̀ ṣì wà lórí.

“Ìyàwó! O ò bá wá wo ẹ̀bà tí wọ́n gbé fún mi. Bí bíríkì. Mo ní ta ló rò ó, wọ́n ní ẹ̀rọ ni. Mo ní ẹ̀rọ yẹn á ti jẹ́ mọ̀lẹ́bí ìyàwó wa.”

Fọyèkẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nǹkan mìíràn ló jáde.

“Ẹ jí ire bí?”

“Mo jí. Gbogbo ẹni tó wọlé ni mò ń sọ fún pé mo mọ iyọ̀ lẹ́nu. Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n ní ahọ́n kì í parọ́.” Ilẹ̀kùn kan tí wọ́n fi dígí ṣe wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Lódì kejì rẹ̀, àwọn ènìyàn dùbúlẹ̀ ní ìlà ìlà, ọ̀pá afẹ́fẹ́ nímú wọn. Ìdílẹ̀kẹ̀ ti kọ ẹ̀yìn sí i. “Mo ronú lórí rẹ̀ láti àárọ̀. Mo ní, àbí ìyàwó ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é fún mi? Mo wá bú sẹ́rìn-ín. Mo ní rárá. Àádọ́ta ọdún ni mo fi bú obìnrin yìí. Tó bá fẹ́ pa mí, májèlé ì bá ti wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀ tipẹ́, adùn á sì tibẹ̀ wọ ọ́.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó?”

“Mo wà ńbí.”

“Ẹ̀rù ń bà mí,” Ìdílẹ̀kẹ̀ wí, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ọmọ ọdún mọ́kànlá. Fèrèsé náà sì pa.

Fọyèkẹ́ dúró síwájú àpótí. Ó gbọ́ ìró àkàsọ̀ lẹ́yìn ilé. Ọkọ Kékeré ti padà sórí òrùlé, ó ń kan nǹkan mọ́lẹ̀, ìró òòlù sì ń dá dúró léraléra kí èémí rẹ̀ lè padà. Bísóyè wà nídìí omi, ó ń fọ ife tí ọkọ rẹ̀ fi mu ògì. Ọwọ́ lásán ló fi ń fọ̀ ọ́. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ọwọ́ lásán yẹn ló mú un pinnu. Fọyèkẹ́ tẹ bọ́tìnnì Alábòójútó.

“Sọ ohun tí o fẹ́.”

“Mo fẹ́ tún àyẹ̀wò àná ṣe. Mo fi ahọ́n ẹni méjì sípò ara wọn.”

Nọ́ọ̀sì Ewátómi bá a sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kíákíá. “Màmá! Ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ? Wọ́n á gba ọ̀pá lọ́wọ́ yín. Wọ́n á ti ilé yín pa fún ogójì ọjọ́.”

“Mo mọ̀.”

“Ó dáa. Ohùn yín ni kó sọ ọ́, mi ò lè bá yín sọ ọ́. Ẹ pe orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ha ahọ́n lẹ́yìn yín, kẹ́ ẹ pe ti ẹni tó tẹ̀ lé e. Ẹ ṣe kíá, màmá. Wọ́n ti ń to àwọn tó máa wọ gbọ̀ngàn láti yàrá kìíní.”

“Pe orúkọ,” Baálẹ̀ Onírin wí.

“Ọkọ Kékeré.”

“Kò sí orúkọ bẹ́ẹ̀.”

“Ọkọ mi. Ọmọ Ọlọ́nà. Èyí tó ń tún pátákó oòrùn ṣe.”

“Kò sí orúkọ bẹ́ẹ̀.”

Fọyèkẹ́ kúnlẹ̀. Orúnkún tó ń ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ balẹ̀, èyí tí kò ṣiṣẹ́ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ariwo, gbogbo ara ńlá náà sì wọ́ mọ́lẹ̀ síwájú àpótí tí kò ju àgbọn méjì lọ. Ó ya ẹnu, kò sóhun tó jáde. Ó tún un yà. Orúkọ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n, ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ ò mọ ọ̀nà rẹ̀. Ó pè é bí ẹni tó ń kọ́ èdè àjèjì.

“Ọnàdélé.”

Ìró òòlù dákẹ́ lórí òrùlé. Bísóyè yíjú, ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó ilé pe ọkọ lórúkọ!

“Òun ló kọ́kọ́ ha ahọ́n. Ọnàdélé Ọlọ́nà. Ìbídùnní Ọlọ́nà ló tẹ̀ lé e.”

“A ti gbọ́,” Baálẹ̀ Onírin wí. Ojú rẹ̀ pọ́n. “Ọnàdélé Ọlọ́nà. Aró wà lára rẹ̀. Kí ó dúró lójú kan. Ọkọ̀ ń bọ̀.”

Ọkọ̀ kan náà ló gbé èkíní wá tó sì gbé èkejì lọ. Ó dé nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo méjìlá lù. Ìdílẹ̀kẹ̀ bọ́ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà iwájú ọkọ̀ náà, gèlè rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti ń pariwo kó tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. “Mo wí bẹ́ẹ̀ fún wọn! Mo ní àpótí yẹn ti mu...”

Ó rí Ọkọ Kékeré pẹ̀lú ẹrù tó ti dì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó rí Bísóyè tó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ mẹ́ta, tí ẹ̀gbà ọwọ́ wọn ń ké pé kí wọ́n jìnnà síra, tí kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó wo Fọyèkẹ́.

“Ìyàwó. Kí lo ṣe?”

“Èmi ni mo pààrọ̀ yín. Mo ti pè yín lórúkọ, ẹ̀yin méjèèjì.”

Ìdílẹ̀kẹ̀ wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń mí bí ẹni tó gun òkè kó tó dé ibẹ̀. Ẹnu tí kì í dákẹ́ dákẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti fọ́.

“O ò bá ti fi mí sílẹ̀ níbẹ̀, ìyàwó. Mo ti gbó.”

“Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀,” ni Fọyèkẹ́ wí. “Ìdí tí mi ò fi bi yín nìyẹn.”

Ọkọ Kékeré ò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó jìnnà sí aya, ó jìnnà sí ọmọ, ó gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú ẹrù lábíyá. Kò wo obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, tí kò sì lè dìde. Ó dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé.

“Ọnàdélé!”

Èyí kì í ṣe fún àpótí. Ó jáde lẹ́nu Fọyèkẹ́ láìṣe wàhálà kankan, ó gba ojúde kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọkùnrin náà dúró. Kò wẹ̀yìn. Èjìká rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wá sílẹ̀.

“Mà,” ó dáhùn, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè láti ìdí àdògán, tí kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ rán an.

Ó gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé, ilẹ̀kùn sì pa dé.